Orúkọ gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀jẹ́: Ìtumọ̀ àti Ìlò «Philadelphia» nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Òwe kìíní ń bá ẹni tí ó ń sọni lórúkọ wí. Òwe kejì ń sọ nípa ẹni tí a sọ lórúkọ. Láàrin òwe méjèèjì ni ìṣòro tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò wà. Bí a bá fún ìlú kan ní orúkọ tí ó ní ìtumọ̀, ǹjẹ́ ìtumọ̀ náà ṣì wà láàyè nínú orúkọ ọ̀hún nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń pè é lójoojúmọ́, tàbí ó ti kú sínú rẹ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tí ó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti John Stuart Mill. Nínú ìwé rẹ̀, A System of Logic, tí ó jáde ní 1843, Mill sọ pé iṣẹ́ orúkọ àdáni kò ju pé kí ó tọ́ka sí ẹni tàbí ibi tí ó ń jẹ́ ẹ lọ. Àpẹẹrẹ tí ó mú wá ni Dartmouth, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹnu odò Dart. Mill ní bí yanrìn bá dí ẹnu odò náà, tàbí bí ìmìtìtì ilẹ̀ bá mú kí odò náà yà gba ibòmíràn, kò sí ìdí tí ìlú náà yóò fi pààrọ̀ orúkọ. Nítorí náà, ẹnu odò kò sí lára ohun tí orúkọ náà ń sọ.

Bébà yìí kò bá Mill jà lórí Dartmouth. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé Philadelphia, orúkọ ìlú ńlá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí odò bá yà kúrò ní Dartmouth, kò sí ẹni tí yóò bi orúkọ náà léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ìfẹ́ bá yà kúrò ní Philadelphia, ńṣe ni àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe orúkọ náà lẹ́jọ́. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé orúkọ yìí kì í ṣe àpèjúwe ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àmì òfìfo. Ẹ̀jẹ́ ni. Àwọn tí a kò kà mọ́ àwọn tí a jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà fún ni wọ́n sì ṣe iṣẹ́ jù láti mú kí ìtumọ̀ rẹ̀ má kú.

2. Láti ọmọ ìyá dé ará

Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá. Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀ láti ṣẹ̀dá rẹ̀: ọ̀kan jẹ mọ́ ìfẹ́, èkejì ni adelphos. Àwọn onímọ̀ èdè tún tú adelphos palẹ̀ sí ọ̀nà méjì: a-, tí ó túmọ̀ sí ‘kan náà’ níhìn-ín, àti delphys, tí ó túmọ̀ sí ilé-ọmọ. Adelphos ni ẹni tí a jọ ti inú kan náà wá sáyé. Ọ̀rọ̀ yìí kò fún ògbufọ̀ Yorùbá ní wàhálà rárá: ọmọ ìyá ni, iyèkan ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, ìfẹ́ tí ó wà láàrin àwọn ọmọ ìyá ni philadelphia dúró fún. Kì í ṣe ìfẹ́ sí gbogbo ènìyàn.

Ìtàn ọba kan fi èyí hàn kedere. Attalus Kejì, tí ó jọba ní Pergamon láti 159 títí di 138 ṣáájú ìbí Kristi, ni a fún ní orúkọ àdàpè Philadelphos, nítorí pé kò dalẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Eumenes Kejì, tí ó jọba ṣáájú rẹ̀. Àdàpè yìí ni orúkọ ìlú Philadelphia ti Éṣíà Kékeré ti jáde. Ìlú náà ni a ń pè ní Alaşehir ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì lónìí.

Nínú Májẹ̀mú Tuntun ni a ti rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fẹjú. Nínú Róòmù orí 12, Tẹsalóníkà Kìíní orí 4 àti Hébérù orí 13, kì í ṣe ọmọ ìyá ẹni nìkan ni a ní kí a fẹ́ mọ́, bí kò ṣe gbogbo ẹni tí a jọ gba ìgbàgbọ́. Nínú Ìfihàn orí 3, ìjọ Philadelphia jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọ méjì péré, láàrin méje, tí a kò bá wí. A sì ṣe ìlérí ilẹ̀kùn ṣíṣí fún un, tí ẹnikẹ́ni kò lè tì.

Ibi tí ìtumọ̀ ti yàtọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú èdè Gíríìkì. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 lo brotherly love. Ọ̀rọ̀ yìí pàdánù nǹkan méjì. Èkíní, brother kò ní ilé-ọmọ nínú, ọkùnrin nìkan ni ó sì ń tọ́ka sí ní tààrà. Èkejì, brotherly jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, èyí tí ó mú kí àpólà náà ní ìtumọ̀ méjì: ó lè jẹ́ ìfẹ́ tí a ní sí arákùnrin ẹni, ó sì lè jẹ́ ìfẹ́ tí ó kàn dà bí ti arákùnrin. Ẹni tí ó bá di ìtumọ̀ kejì mú lè ní inú rere sí ẹnìkan láìgbà pé ọmọ ìyá òun ni. Bíbélì Yorùbá ní tirẹ̀ lo ìfẹ́ ará. Ará kò bèèrè ilé-ọmọ, kò sì bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ará ilé ń bẹ, ará àdúgbò ń bẹ, ará ìlú ń bẹ. Ibi tí ènìyàn ń gbé ti tó láti sọ ọ́ di ará. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ìwádìí yìí yóò padà sí ní ìparí.

3. Ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́

William Penn ni ó fún ìlú ti Amẹ́ríkà ní orúkọ náà. Ọmọ ẹgbẹ́ Quaker ni Penn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tì í mọ́lé nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, títí kan ẹ̀wọ̀n Tower of London ní 1668 sí 1669. Ní 1681 Ọba Charles Kejì fún un ní ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Pennsylvania, ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Lenape. Ní 1682 òun fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ ibi tí a kò ti ní í fi ẹ̀sìn ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó mọ Bíbélì bí Penn ti mọ̀ ọ́n kò lè ṣàì gbọ́ ohùn méjèèjì nínú orúkọ náà: ìfẹ́ ará, àti ìjọ tí a ṣí ilẹ̀kùn fún.

Ibí yìí ni Philadelphia ti yà kúrò lọ́nà Dartmouth. Odò ti ń ṣàn níbẹ̀ kí a tó pe ìlú náà ní Dartmouth. Orúkọ náà sọ ohun tí ó ti wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Penn mú orúkọ tirẹ̀ jáde, kò tíì sí ará tí yóò fẹ́ràn ara wọn níbẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ kí ó ṣẹ ni ó sọ. Bí ó ti rí nìyẹn nígbà tí òbí bá sọ ọmọ ọwọ́ ní Ìwàlẹwà: ẹnikẹ́ni kò rò pé òbí náà ti rí ìwà ọmọ. Àdúrà ni, ó sì jẹ́ ẹrù lọ́rùn ẹni tí ń jẹ́ ẹ.

Kò pẹ́ tí a fi dán ẹ̀jẹ́ náà wò. Ní 1684, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Isabella gúnlẹ̀ sí Philadelphia pẹ̀lú nǹkan bí 150 ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú, àwọn ará ìlú sì rà wọ́n. Penn alára ní ẹrú. Ní 1688, ọkùnrin mẹ́rin ní Germantown, abúlé kan tí ó wà lẹ́bàá ìlú náà nígbà náà, fi ọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n kọ láti tako òwò ẹrú. Ìpìlẹ̀ àwíjàre wọn ni pé kí ènìyàn má ṣe sí ẹlòmíràn ohun tí òun kò fẹ́ kí a ṣe sí òun. Ìpàdé kan ń ta ìwé náà sí òmíràn, títí tí wọ́n fi gbé e tì. Ọdún 88 kọjá kí ìpàdé àpapọ̀ àwọn Quaker ní Philadelphia tó fi òfin de ọmọ ẹgbẹ́ láti ní ẹrú, ní 1776. Ìyẹn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè náà ti wà nílẹ̀: ta ni ará?

4. Ìlò mẹ́ta

Bí a bá wo bí àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lo orúkọ náà, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín in sí.

Ìlò kìíní ni èyí tí Mill yóò fara mọ́. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti New York lọ sí Philadelphia kò ní ìfẹ́ ará lọ́kàn. Ibi tí ó ń lọ ni ó dárúkọ. Nígbà tí ó bá gé e kúrú sí Philly, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, adelphos ti wọmi pátápátá.

Ìlò kejì ni èyí tí orúkọ náà ti gba ìtumọ̀ tuntun tí kò kan ìfẹ́. Philadelphia lawyer jẹ́ àpólà tí ó ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn ènìyàn sábà máa ń so ó mọ́ Andrew Hamilton, agbẹjọ́rò láti Philadelphia tí ó lọ sí New York ní 1735 láti gba ẹjọ́ John Peter Zenger, ẹni tí ń tẹ ìwé ìròyìn, rò, tí a sì dá a láre. Agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ ni àpólà náà ń tọ́ka sí. Nígbà tí ó ṣe, ó tún wá ń tọ́ka sí agbẹjọ́rò alárékérekè tí ó lè gba inú ihò abẹ́rẹ́ nínú òfin. Wàràkàṣì tí ń jẹ́ Philadelphia wà ní ipò kan náà. Ìpínlẹ̀ New York ni a ti ń ṣe é nígbà tí a sọ ọ́ lórúkọ ní 1880. Òkìkí tí ìlú náà ní fún oúnjẹ dáadáa ni oníṣòwò fi ta ọjà rẹ̀.

Ìlò kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù fún bébà yìí. Nínú rẹ̀, olùsọ a máa gbé àpèlé ìlú náà jáde, City of Brotherly Love, ìlú ìfẹ́ ará, ní àkókò tí ìfẹ́ kò sí níbẹ̀. Olùgbọ́ mọ̀ pé òdìkejì ni ó ń sọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí kò kan ẹ̀jẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1968, nígbà tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Eagles sọ òkò yìnyín lu ẹni tí ó múra bíi Bàbá Kérésì. Títí di òní, àwọn oníròyìn eré ìdárayá kì í mú ìtàn náà kúrò lẹ́nu, àpèlé ìlú náà kì í sì í jìnnà sí i.

Ẹnìkan lè rò pé ìlò ìdàkejì yìí ni ó fi hàn pé ìtumọ̀ ti kú. Òdìkejì èyí ni òótọ́. A kò lè fi ohun tí ó ti kú gún ẹlòmíràn lára. Bí olùgbọ́ kò bá gbà pé ó yẹ kí ìfẹ́ ará wà ní Philadelphia, ẹ̀gàn náà kò ní í ta létí rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ti jẹ́rìí sí ẹ̀jẹ́ náà kí ó tó ya ẹnu.

5. Àwọn tí wọ́n pe ẹ̀jẹ́ náà lẹ́jọ́

Ní 1793 àrùn ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia, ó sì pa nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Ọmọ ìyá ń sá fún ọmọ ìyá. Dókítà Benjamin Rush gbà, ó sì ṣe àṣìṣe, pé àrùn náà kì í mú àwọn ènìyàn dúdú. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ṣe ìtọ́jú. Absalom Jones àti Richard Allen, tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Free African Society sílẹ̀ ní 1787, kó àwọn ènìyàn wọn jọ. Wọ́n tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì sin òkú. Àrùn náà pa nínú àwọn náà. Lẹ́yìn èyí ni Mathew Carey, tí ó ń tẹ ìwé tà, kọ ọ́ pé àwọn kan nínú wọn gba owó gọbọi, wọ́n sì jalè. Jones àti Allen fi ìwé tiwọn fèsì ní 1794, wọ́n sì ṣe ìṣirò owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, títí kan owó pósí. Ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ni ó wà lórí àpótí ìdájọ́ nínú ìwé náà. Àwọn tí ìlú kò pè ní ará ni wọ́n ṣe ohun tí adelphos ń ṣe fún ọmọ ìyá rẹ̀.

Ní 1838 àwọn tí ń tako òwò ẹrú, tí wọn kò rí gbọ̀ngàn yá mọ́ ní ìrọ̀rùn, kọ́ tiwọn, wọ́n sì pè é ní Pennsylvania Hall. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún. Ní alẹ́ ọjọ́ 17, àwọn jàǹdùkú dáná sun ún. Àwọn panápaná bu omi sí àwọn ilé tí ó yí i ká, wọ́n sì jẹ́ kí òun jó. Ní 1844, àwọn ọmọ Áílándì tí wọ́n jẹ́ Kátólíìkì ni ó kàn: wọ́n sun àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní ìlú tí Penn dá sílẹ̀ nítorí òmìnira ẹ̀sìn.

Fíìmù Philadelphia, tí Jonathan Demme darí ní 1993, ni iṣẹ́ ọnà tí ó mọ ìlò orúkọ yìí jù. Tom Hanks ṣe agbẹjọ́rò tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ lé kúrò nítorí àrùn éèdì. Denzel Washington ṣe agbẹjọ́rò tí ó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kórìíra irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n tí ó wà nínú àkọlé náà ni pé ó so ìlò kejì àti ìkẹta pọ̀. Agbẹjọ́rò Philadelphia ni àwọn méjèèjì, òfin sì ni wọ́n fi jà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹjọ́ náà ń bèèrè ni bóyá aláìsàn náà jẹ́ ará. Àlébù fíìmù náà ni pé ó jẹ́ kí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ dáhùn ìbéèrè tí ó tóbi ju ilé ẹjọ́ lọ. Owó ìtanràn kì í sọ àjèjì di ọmọ ìyá.

6. Àtakò kan

Ẹnìkan lè ta ko èrò yìí pé, bí ẹ̀jẹ́ bá wà nínú orúkọ náà, ó yẹ kí ó wà níbikíbi tí a bá ti ń jẹ́ ẹ. Ìlú mìíràn tí ń jẹ́ Philadelphia wà ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ní oṣù Kẹfà 1964, James Chaney, Andrew Goodman àti Michael Schwerner, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kí àwọn ènìyàn dúdú lè dìbò, wà ní àtìmọ́lé níbẹ̀. Lẹ́yìn tí a tú wọn sílẹ̀ ni a pa wọ́n. Ọdún 41 kọjá kí ilé ẹjọ́ ní ìlú náà tó dá Edgar Ray Killen lẹ́bi ní 2005. Láti 1964, ìwà ìpànìyàn yẹn ni orúkọ ìlú náà ń mú wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Àtakò yìí lágbára, ó sì tún èrò bébà yìí ṣe. Ó fi hàn pé kì í ṣe inú mọ́fíìmù Gíríìkì ni ẹ̀jẹ́ náà ń gbé. Orúkọ kan náà ni ìlú méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìlú ti Pennsylvania nìkan ni ó gba ìtumọ̀ náà mọ́ra, tí ó sọ ọ́ di àpèlé, tí ó sì fi ń yangàn. Ní 1976, nígbà ayẹyẹ ọdún 200 òmìnira Amẹ́ríkà, ère LOVE tí Robert Indiana ṣe ni a gbé sí ìta gbangba láàrin ìlú náà. Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀jẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ kò lè sọ pé òun kò jẹ́ ẹ.

7. Òpópónà Osage

Ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún 1985, àwọn ọlọ́pàá Philadelphia ju bọ́ǹbù láti inú hẹlikọ́pítà sórí ilé kan ní òpópónà Osage, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ MOVE ń gbé. Ènìyàn 11 kú, márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọdé. A jẹ́ kí iná náà jó títí tí ilé 61 fi run. Wilson Goode, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó di olórí ìlú náà, ni ó wà lórí àléfà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìlú náà yàn bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà yìí ní 1986. Ní 2020 ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà tọrọ àforíjì.

Nínú ọ̀ràn yìí, ẹ̀gàn kò tó mọ́. Ẹni tí ó bá fi «ìlú ìfẹ́ ará» ṣe yẹ̀yẹ́ lórí òkú ọmọdé márùn-ún ti sọ ọ̀rọ̀ náà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àforíjì 2020 ni ìlò tí ó bá a mu. Ènìyàn kì í tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò jẹ ní gbèsè.

8. Ìkádìí

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé Philadelphia nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe Dartmouth. Ní ọjọ́ lásán, ibi kan ni ó ń tọ́ka sí. Ní ọjọ́ ìdánwò, ìtumọ̀ rẹ̀ a máa jí. Ohun tí ó ń jí i ni ẹnu àwọn tí a ta nù: ẹrú, aláìsàn, àjèjì, aládùúgbò tí iná jó ilé rẹ̀.

Ìbéèrè ará náà ni ó kù. Ní Yorùbá, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Philadelphia ti di ará Philadelphia. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú ará ìlú àti nínú ìfẹ́ ará. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹni tí ń sọ Yorùbá fẹ́ràn aládùúgbò rẹ̀ ju ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá kò ní í jẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ọ̀rọ̀ méjì tí Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀, ẹni tí ń gbé ìlú àti brother, kò yà nínú èdè yìí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè gbé Philadelphia títí ayé rẹ̀ láìdi brother ẹnikẹ́ni. Àlàfo tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì ni Jones àti Allen dúró sí nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò pósí. Ibẹ̀ náà ni àwọn tí ilé wọn jó ní òpópónà Osage dúró sí. Ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ti ń fi ìfẹ́ arábìnrin kún àpèlé rẹ̀ báyìí, èyí sì dára, nítorí pé ó dá apá kan nínú ohun tí ògbufọ̀ sọ nù padà. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò ní í pé títí tí gbígbé ìlú yóò fi tó láti jẹ́ ọmọ ìyá.